Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Ajá Tó Sọ̀rọ̀ Nítorí Eku

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti èsúsú, kì í sì ṣe ti owó ìsọ̀. Ọ̀rọ̀ eku ni. A mọ̀ pé àwọn kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ṣé eku lásánlàsàn náà la wá ń kọ sínú ìwé?" Ẹ fara balẹ̀ ná. Ta ni nínú wa tí eku ò tíì jẹ ní gbèsè rí? Ẹlẹ́lùbọ́ ń ké, aláṣọ ń ké, oníwèé náà ń ké. Àdánù ọjà tilẹ̀ kéré nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí eku ń pa ènìyàn. A ó dé ibẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká pa àlọ́ kan. Ẹni tí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìsọ̀, kó kà á sí i létí.

ÀLỌ́ O! ÀLỌ̀!

Àlọ́ wa dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí ajá, eku àti àwọn ará ọjà.

Ní ìgbà láéláé, àdúgbò kan wà lẹ́yìn ọjà. Eku pọ̀ níbẹ̀ débi pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ńṣe ni orí àjà máa ń dún bí ìgbà tí ẹṣin ń sáré. Wọ́n jẹ gààrí, wọ́n jẹ ẹja gbígbẹ, wọ́n gé aṣọ òkè ìyàwó tuntun. Owó tí ìyá arúgbó kan so mọ́ etí ìró rẹ̀ pàápàá, wọ́n gé e wẹ́wẹ́.

Àwọn ará àdúgbò pe ìpàdé. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ológbò wá. Ológbò dé, ó pa mẹ́ta, ó yó, ó sùn. Wọ́n ní kí wọ́n dẹ májèlé. Májèlé pa àkùkọ kan àti ewúrẹ́ kan, eku tó pa kò ju márùn-ún lọ. Kò pẹ́ tí eku tún fi pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kálukú wá ń di ẹ̀bi ru aládùúgbò rẹ̀.

Ajá kan wà tó máa ń sùn sábẹ́ tábìlì alápatà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn ní ìpàdé, ajá yìí dìde, ó na ara, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìjókòó."

Ẹni tó máa sá sá, ẹni tó máa ṣubú ṣubú. Ìyálọ́jà nìkan ni kò sá, nítorí orúnkún ń dùn ún. Ó ní, "Ìwọ ajá, ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀ yẹn?"

Ajá ní, "Èmi ni, ìyá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín lé eku lọ. Egungun ni kí ẹ máa fi san owó mi."

Wọ́n gbà. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ajá pa eku méje. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, méje. Lọ́jọ́ kẹta, méje. Ọjọ́ méje pé, eku ò dín. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé, "Ajá yìí kàn ń jẹ egungun wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni." Ni ajá bá ní kí wọ́n pe ìpàdé mìíràn.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mò ń pa méje lálẹ́, ẹ̀yin ń bọ́ mẹ́rìnlá lójúmọ́. Èmi ń pa, ẹ̀yin ń sìn."

Wọ́n ní irọ́ ni. Ajá wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́lùbọ́, láti ọjọ́ tí ẹ ti tú ẹnu àpò yín, ẹ ò dì í mọ́. Ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja, inú gọ́tà ni ẹ ń da ìfun àti ìpẹ́ ẹja sí. Ẹ̀yin ìyá onírẹsì, ẹ to àpò mọ́ ara ògiri, ẹ̀yìn àpò yẹn ni wọ́n ń bímọ sí. Bàbá alápatà, ọ̀gá mi, egungun tí ẹ ń jù sí mi, mi ò lè jẹ ẹ́ tán. Eku ló ń bá mi jẹ ìyókù."

Ariwo ta. Wọ́n ní, "Ajá yìí ń tú àṣírí wa!" Ẹnì kan ti mú òkúta. Ajá ò sá. Ó yíjú sí Ìyálọ́jà, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Àwọn àpò àtijọ́ tó wà lábẹ́ àga yín, ibẹ̀ ni ìyá gbogbo wọn wà."

Gbogbo ọjà pa rọ́rọ́. Ìyálọ́jà rọra dìde lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa àpò kan jáde. Ọmọ eku mọ́kànlá ló jábọ́ nínú rẹ̀, pupa yòò, ojú wọn ò tíì là. Ìtìjú mú un. Nígbà tó yá, ó ní, "Ajá ò purọ́. Ẹ sọ òkúta yẹn sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni kí a ti bẹ̀rẹ̀."

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n kó àpò àtijọ́ jáde, wọ́n dí ihò, wọ́n bo oúnjẹ, wọ́n kó pàǹtírí dà nù. Ajá ṣì ń dẹ eku lálaalẹ́. Ó pa méje, ó pa mẹ́ta, ó pa ẹyọ kan. Ó wá di ọjọ́ kan tó ṣọ́ ihò títí ilẹ̀ fi mọ́ tí kò rí nǹkan kan. Ó ní, "Iṣẹ́ mi parí nìyẹn." Láti ọjọ́ náà ni ajá ò ti sọ̀rọ̀ mọ́, gbígbó nìkan ló kù fún un. Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká.

KÍ NI AJÁ MỌ̀ TÍ A Ò MỌ̀?

Àlọ́ ni àlọ́, ajá kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ajá yìí sọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ohun mẹ́ta ni eku ń wá káàkiri: oúnjẹ, omi, àti ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà, pípa nìkan ò lè tán an. Ẹ wo èkúté ilé kékeré. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Ó lè bí ọmọ 5 sí 8 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì ní pẹ́ tó fi tún lóyún mìíràn. Àwọn ọmọ náà á ti tó bí kí wọ́n tó pé oṣù 2. Tí ẹ bá pa 10 lónìí, tí ẹnu àpò sì ṣí sílẹ̀, àwọn tó kù ni ẹ ṣe lóore: oúnjẹ àwọn 10 tó kú ti di tiwọn.

Àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ ká kó ológbò wá." Ológbò dára nílé o. Bí ológbò bá rìnrìn àjò, ilé á di ilé èkúté, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Brooklyn, ní ìlú New York, àwọn onímọ̀ kan gbé kámẹ́rà ṣọ́ eku àti ológbò ìgboro níbi tí wọ́n ń kó pàǹtírí jọ sí. Ọjọ́ 79 ni wọ́n fi ṣọ́ wọn. Nígbà tí ìwádìí náà jáde lọ́dún 2018, eku 2 péré ni wọ́n rí tí ológbò pa. Eku rí ológbò, ó fara pamọ́, ó ń jẹun rẹ̀ lọ.

Ajá ńkọ́? Ajá ń ṣọ́ ọjà lóru, a ò ní kó má wà. Ṣùgbọ́n ajá tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè bá a kú. Ìtọ̀ eku sì lè kó àrùn ran ajá, kí ajá tún kó o ran àwa náà. Ẹ má gbé iṣẹ́ yín lé ajá lórí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́DỌ̀ WA

A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí a ò kọ èyí láti dójú ti ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́ ọ.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, eku wọ ìsọ̀ ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹ̀wà. Wọ́n lu àpò mẹ́ta, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tọ̀ sí i, wọ́n yàgbẹ́ sí i. Owó èsúsú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ló fi ra ẹ̀wà náà. Ìbínú mú un, ó po májèlé mọ́ edé, ó gbé e sórí ewé lẹ́yìn ìsọ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ìyá rẹ̀ ń ta ata ní ìsọ̀ kejì rìn dé ẹ̀yìn, ó rí edé, ó mú un. Ọpẹ́lọpẹ́ alábàárù kan tó ń kọjá, tó já a gbà. Ó ti fi díẹ̀ kan ẹnu. A gbé ọmọ náà, ó di ọsibítù. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ń gbàdúrà. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ọmọ náà wà láàyè, ó ń lọ sílé ìwé.

Àwọn ìyá méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ìlà wọn pín sí méjì. Nígbà tí ẹgbẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ náà, a lọ wo ẹ̀yìn ìsọ̀ náà. Ohun tí a rí yà wá lẹ́nu. Obìnrin ẹlẹ́wà yìí ń gbá ìsọ̀ tirẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìsọ̀ kẹta sí tirẹ̀ ni eku ti ń wá. Ẹni tó ni ín ti rìnrìn àjò, ó kó páálí òfìfo kún inú rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Àwa ìgbìmọ̀ ńkọ́? Àwa là ń gba owó pàǹtírí lọ́wọ́ yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a ò tíì kó òkìtì tó wà lórí ìlà yẹn. Ọ̀dọ̀ wa ló yẹ kí ajá ti kọ́kọ́ gbó.

A bẹ àwọn méjèèjì, a sì bẹ ìlà náà pátápátá. Ibẹ̀ la ti kọ́ ọgbọ́n pé ẹnì kan ṣoṣo kò lè lé eku kúrò lọ́jà. Bí o bá gbá tìrẹ tí aládùúgbò rẹ ò gbá, eku kàn lọ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ ni, yóò padà wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ lálẹ́. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.

ÀRÙN TÍ EKU Ń GBÉ KIRI

Ẹ fi ọkàn sí ibí yìí dáadáa. Lọ́dún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà kan mọ̀ ní ìlú Lassa, tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno. Orúkọ ìlú yìí ni wọ́n fi ń pe ibà náà títí dòní: ibà Lassa. Irú eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ ló ń gbé e kiri. Ó máa ń wọ inú ilé àti ibi tí a ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Àrùn náà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Eku náà á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún, kò ní dà bí ẹni tó ń ṣàìsàn.

Báwo ló ṣe ń dé ara wa? Eku tọ̀ sínú gààrí, a mu gààrí náà láì sè é. Eku rìn nínú abọ́, a bu oúnjẹ sí i láì fọ̀ ọ́. A fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku. A pa eku jẹ. Tó bá ti mú ẹnì kan, ẹ̀jẹ̀ ẹni náà, èébì rẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ lè kó o ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Láti ọjọ́ 2 sí ọjọ́ 21 lẹ́yìn tó bá wọ ara ni àmì rẹ̀ máa ń jáde.

Nínú ènìyàn 10 tó bá kó o, nǹkan bí 8 ni kò ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Àwọn tó kù ni ó ń le fún: ara gbígbóná, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, àyà dídùn, èébì, ìgbẹ́ gbuuru. Tó bá le jù, ojú á wú, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde ní imú, ní ẹnu tàbí lójú ara. Ó burú fún aláboyún gan-an, pàápàá tí oyún bá ti tó oṣù méje sókè. Àwọn mìíràn tó bá yè é, etí wọn á di.

Ibi tí ó ti ń tan ènìyàn jẹ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ibà ẹ̀fọn. A ó ra oògùn ibà ní kẹ́mísì, a ó lo agbo, a ó ní ara máa yá lọ́la. Ẹ̀yin ìyá wa, bí a bá lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì tí ara ò balẹ̀, ọsibítù ni o. Ẹ sọ fún dókítà pé eku wà níbi tí ẹ ti ń tajà. Oògùn wà fún un, ribavirin ni wọ́n ń pè é, ìgbà tí ẹ bá tètè dé ló sì máa ń ṣiṣẹ́ jù. Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi wà lára ibi tí ó ti máa ń pọ̀ jù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹrin, ló máa ń gbóná jù.

IṢẸ́ TÓ WÀ NÍ ÌSỌ̀ KÁLUKÚ

1. Ẹ bo oúnjẹ. Gààrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ: inú ike tàbí agolo tó ní ìdérí tó mọ́ ọn dáadáa. Ọ̀rá àti àpò ò dí eku lọ́wọ́, eyín rẹ̀ kì í ṣíwọ́ dídàgbà, nítorí náà kò lè ṣe kó má gé nǹkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá gààrí tàbí èlùbọ́ sí ẹ̀bá títì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ sá a sórí pèpéle, ẹ máa ṣọ́ ọ, kí ẹ sì kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

2. Ẹ gbé àpò kúrò nílẹ̀. Ẹ fi pákó tẹ́ ẹ, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kó sì fi ẹsẹ̀ bàtà 1 àbọ̀ jìnnà sí ògiri, kí ìgbálẹ̀ lè ráyè kọjá, kí ojú sì lè rí ẹ̀yìn rẹ̀.

3. Ẹ dí ihò. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ihò tí pẹ́ńsù ìkọ̀wé bá gbà wọlé, èkúté kékeré gbà á. Èyí tí àtàǹpàkò bá wọ̀, eku ńlá wọ̀ ọ́. Sìmẹ́ǹtì àti irin ni kí ẹ fi dí i. Tí ẹ bá fi àkísà tàbí páálí dí i, eku á rí nǹkan tẹ́ sùn.

4. Ẹ kó páálí òfìfo àti àpò àtijọ́ kúrò ní ìsọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò, kó palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ kó tó ti ilẹ̀kùn.

5. Pàkúté ni kí ẹ dẹ. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kí ẹ gbé e sí, ibẹ̀ ni eku ń gbà. Ó máa ń fura sí ohun tuntun, nítorí náà ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́.

6. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kan òkú eku. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá bọ ọwọ́. Ẹ má gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, nítorí eruku rẹ̀ á wọ imú. Ẹ po bílíìsì ife 1 mọ́ omi ife 9, ẹ dà á sí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

7. Májèlé ò gbọdọ̀ wà níbi tí oúnjẹ tàbí ọmọdé wà. Ẹ má da ọ̀tápiápiá sórí ẹ̀wà tàbí ẹja láé, oníbàárà yín lẹ ń fún jẹ. Lọ́dún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de títa ìgò kékeré oògùn dichlorvos nínú ọjà. Ẹni tó bá ń tà á, tàbí tó ń fi po nǹkan, ẹgbẹ́ ò ní gbè é lẹ́yìn.

8. Oúnjẹ tí eku bá ti jẹ, ẹ dà á nù. A mọ̀ pé ó ń dunni. Ẹ má fẹ́ ẹ, kí ẹ ṣà á, kí ẹ tún tà á. Ẹ ò mọ ilé tó ń lọ.

ÀWA ÌGBÌMỌ̀ ŃKỌ́?

A ti gbà pé òkìtì pàǹtírí kò gbọdọ̀ sun ọjà ju ọjọ́ 2 lọ mọ́. Tó bá sùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá bi wá léèrè owó yín. Ìlà kọ̀ọ̀kan yóò yan ẹni méjì tí yóò máa wo ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ajá wa. Bí wọ́n bá dé ìsọ̀ yín tí wọ́n ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, nǹkan wà níbí," ẹ má mú òkúta. Ìsọ̀ Ìyálọ́jà ni wọn yóò kọ́kọ́ wò, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ báyìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ

Ẹ jíròrò lórí ìwọ̀nyí ní ìlà yín, kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó dé:

1. Kí ló dé tí eku ò fi dín nígbà tí ajá ń pa méje lálaalẹ́?
2. Tí ajá bá wọ ìsọ̀ rẹ lóru òní, kí ni yóò sọ lójú gbogbo ọjà?
3. Báwo la ṣe lè sọ àṣìṣe fún aládùúgbò wa tí kò fi ní di ìjà?
4. Ọ̀nà mélòó ni ibà Lassa ń gbà dé ara ènìyàn? Ẹ dárúkọ mẹ́ta.
5. Ìsọ̀ wo ní ìlà yín ló ti pẹ́ tí wọ́n ti tì í pa? Ta ni yóò bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀?

Ẹ kà á fún àwọn tí kò mọ̀wé kà. Ẹ kà á fún ọmọ ìṣẹ́ yín pẹ̀lú, àwọn ni wọ́n ń tú àpò, àwọn náà ni wọ́n ń gbá ilẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ṣòwò fún eku jẹ. Ẹ kú ọjà o.